Kókósẹ̀ Tó Ń Yẹ̀ Ṣáá: Bí Ẹ Ṣe Máa Lo Bíréèsì, Àti Bí Ẹ Ṣe Máa Kọ́ Ẹsẹ̀ Yín Láti Dúró

Pápá kan ní Ṣágámù ni ẹsẹ̀ òsì mi ti kọ́kọ́ rọ́. Ilẹ̀ pupa ni, òjò sì ti wa kòtò káàkiri ojú rẹ̀. Mo fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, mo balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi yí sínú, nǹkan kan sì dún "pọ́" nínú ọrùn ẹsẹ̀ mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi gbé omi gbígbóná àti Àbòníkí wá, wọ́n jó o, wọ́n fà á, mo ké títí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo ti padà sórí pápá. Láti ìgbà náà ló ti di pé bí mo bá tẹ òkúta kékeré báyìí, ẹsẹ̀ á yẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á yẹ̀. Ó yẹ̀ mí lórí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà, ó tiẹ̀ yẹ̀ mí nínú yàrá mi, lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Mo ra ánkílẹ́ẹ̀tì ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ń fà bí ìbọ̀sẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ sì yí nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nǹkan méjì ni ẹsẹ̀ mi ń fẹ́, tí mi ò sì fún un ní ìkankan: ohun tó le tó láti dì í mú, àti ẹ̀kọ́. Ní báyìí, àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí Remo Stars ti gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Rẹ́mọ kan tí kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo ń rí irú ẹsẹ̀ mi lára àwọn ọmọ yìí, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé a lè dá a dúró kó tó di bárakú.

Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀

Ẹ fọwọ́ kan eegun tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ìta ọrùn ẹsẹ̀ yín. Okùn iṣan mẹ́ta ló so eegun yìí mọ́ àwọn eegun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ọ̀kan lọ síwájú, ọ̀kan lọ sí gìgísẹ̀, ọ̀kan lọ sẹ́yìn. Ti iwájú ni agbára rẹ̀ kéré jù, òun ló sì ń kọ́kọ́ ya bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ okùn yìí ju kó so eegun pọ̀ lọ. Òun náà ló ń ròyìn fún ọpọlọ pé ẹsẹ̀ ti ń fì, kí ọpọlọ lè tètè pàṣẹ fún iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, níta, pé kó fà á padà. Ní 1965, Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé nígbà tí okùn bá ya, ìròyìn yẹn náà á bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń yẹ̀ lẹ́yìn tí ìrora ti lọ. Wọ́n tún rí i pé ìdánrawò ìdúró máa ń dín yíyẹ̀ náà kù. Ẹ rò ó bí ọdẹ àdúgbò tó jí lẹ́yìn tí olè ti fo fẹ́ǹsì lọ. Ọdẹ wà, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó pẹ́ jí.

Fẹ́ǹsì gíga ni bíréèsì, ìyẹn ohun tí a ń wọ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ láti dì í mú. Ó ń dí olè lọ́nà, kò jí ọdẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra bíréèsì nítorí wọ́n rò pé á jẹ́ kí àwọn lè dúró láìfì. Àwọn olùwádìí ti gbé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń yẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú bíréèsì àti láìsí i, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n rí: nínú ìwádìí kan, fífì náà dín kù díẹ̀, nínú òmíràn, kò sí ìyàtọ̀. Ohun tó dájú ni pé bíréèsì tó dáa máa ń dín iye ìgbà tí ẹsẹ̀ á tún rọ́ kù, pàápàá lára ẹni tó ti rọ́ rí, ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ sì máa ń balẹ̀. Kò tíì sí ẹ̀rí gidi pé ó ń sọ iṣan ẹsẹ̀ di ọ̀lẹ, bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń sọ. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì retí pé á ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ rí i dájú pé eegun kò ṣẹ́

Bó bá jẹ́ pé àná tàbí òní ni ẹsẹ̀ rọ́, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ méjèèjì, ti ìta àti ti inú, láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ tẹ eegun tó yọ ní àárín ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, lápá ọmọńdinrín, àti èyí tó wà lókè ẹsẹ̀ nínú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dunni gan-an lórí eegun gangan, tàbí tí ẹni náà kò bá lè rin ìṣísẹ̀ 4, ẹ gbé e lọ fún X-ray. Ìlànà tí àwọn dókítà ìlú Ottawa ní Kánádà gbé jáde ní 1992 nìyí, wọ́n ṣì ń lò ó káàkiri ayé.

Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe àkókò omi gbígbóná, kì í sì í ṣe àkókò fífà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sún àwọn ìyá wa ṣe é. Píọ̀ wọ́tà tó ti dì nínú fìrísà ni kí ẹ wá, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè lórí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé tiyín ti di bárakú?

Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọrùn ẹsẹ̀ lágbàáyé fẹnu kò lórí àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹsẹ̀ náà ti rọ́ dáadáa rí, ó kéré tán ọdún kan sẹ́yìn, ó wú, ó sì dá iṣẹ́ tàbí eré dúró fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ó ti yẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, tàbí kó tún rọ́, tàbí kí ẹni náà má fọkàn tán an mọ́. Àwọn fisió, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdánrawò tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní ìbéèrè 9 tí wọ́n máa ń béèrè, máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀: ṣé ẹsẹ̀ máa ń yẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú? Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Bí ẹ bá yí bírí ńkọ́? Ẹni tó bá gba 24 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn ìdúró yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má ṣe fo èyí. Ẹni tí kò bá wọn nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀ síwájú, á sì sú u ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ bíréèsì. Ẹ dúró lẹ́bàá ògiri lórí ẹsẹ̀ tó dáa, ọwọ́ ní ìbàdí. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ kejì fi kan ilẹ̀ tàbí tí ọwọ́ fi kúrò ní ìbàdí. Ẹ ṣe é lórí ẹsẹ̀ tó ń yẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dijú, ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ni ẹnu máa ń yà nígbà tí wọ́n bá dijú.

Ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta sílẹ̀ láti ojú kan: ọ̀kan lọ síwájú tààrà, méjì yà sẹ́yìn sọ́tùn-ún àti sósì bí ìkóríta mẹ́ta. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan dúró sí oríta náà. Ẹ na ẹsẹ̀ kejì jáde lórí ìlà iwájú, ẹ fi ṣóńṣó ìka rẹ̀ kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́ níbi tó bá lè dé, kí ẹ sì dá a padà láìjẹ́ pé gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó dúró gbéra. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀ẹ̀mẹrin kọ́ ọ, kí ẹ tó wá wọn ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú téèpù télọ̀. Ẹ mú èyí tó jìnnà jù. Ẹ ṣe ìlà yòókù, kí ẹ wá pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2006, fi hàn pé àwọn tí ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ wọn méjèèjì lórí ìlà iwájú ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ fara pa ní ẹsẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ mi ní ìyàtọ̀ 7. Òun fúnra rẹ̀ wo téèpù náà, ó ní, "Kóòṣì, ẹ tún un wọ̀n." A tún un wọ̀n. 7 náà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan bíréèsì

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí. Àkọ́kọ́ ni ánkílẹ́ẹ̀tì tó ń fà, tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà wa, tó sì rọ̀ lówó. Ó ń mú ẹsẹ̀ móoru, ó ń fún wíwú mọ́lẹ̀ díẹ̀, kò lè dá ẹsẹ̀ tó ń yí dúró. Ìkejì ni èyí tó ní okùn bíi bàtà, pẹ̀lú ọ̀já méjì tó ń gba ara wọn kọjá lórí ẹsẹ̀. Ìkẹta ní pákó ike líle lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún bọ́ọ̀lù, olókùn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó wọ inú bàtà bọ́ọ̀lù. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, èyí tó ní ike dáa jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di okùn rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín yí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀. Bó bá yí bó ṣe wù ú, ìbọ̀sẹ̀ lẹ fẹ́ ra yẹn. Ontajà kan sọ fún mi pé èyíkéyìí tó bá ti fún mọ́ ẹsẹ̀ ti tó. Kò tó. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí náà: àwọn kan ń fi nọ́ńbà bàtà wọn ọ́n, àwọn kan ń fi àyíká ọrùn ẹsẹ̀ wọn ọ́n. Ẹ má ṣe ra ti ẹlòmíì tó ti fẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́

Ẹ jókòó. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó gùn, kó má sí ibi tó wé. Ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn pátápátá nínú bíréèsì náà, kí ẹ sì tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ àti ojúgun ṣe igun bíi ti ògiri àti ilẹ̀. Bí ẹ bá na ìka ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ ń dì í, yóò tú bí ẹ bá dìde. Ẹ di okùn láti ọ̀dọ̀ ìka lọ sókè. Ẹ wá gba ọ̀já méjèèjì, ẹ fà wọ́n dọ́gba, ṣùgbọ́n èyí tó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá tó sì gòkè ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ẹ fà á le díẹ̀ sí i. Òun ló ń dènà yíyí sínú.

Ìgbà kan, ọmọ kan sọ fún mi pé, "Kóòṣì, ẹsẹ̀ mi ti kú." Mo bọ́ bàtà rẹ̀. Mo tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó funfun, ó sì pẹ́ kó tó pọ́n padà. Ìka náà tutù bí ìgbà tí wọ́n gbé e jáde nínú omi kànga. Ó ti fún un jù. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń tẹ èékánná gbogbo wọn kí wọ́n tó wọ pápá: bí àwọ̀ rẹ̀ bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó dáa. Tí wọ́n bá gba ìsinmi àárín eré, wọ́n á tún okùn dì, nítorí sísáré máa ń mú un tú.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kú tàbí tí kò mọ ìgbà tí nǹkan ń ha á, kò gbọ́dọ̀ dá bíréèsì wọ̀ láìfi han dókítà. Ibi tó bá ha lè di egbò kó tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìgbà tí ẹ máa wọ̀ ọ́, àti ìgbà tí ẹ máa bọ́ ọ

Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí pápá, lọ sí oko, lọ sí ọjà nígbà òjò tí gbogbo ilẹ̀ bá di ẹrẹ̀, àti ibi gbogbo tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè tẹ ohun tí ẹ kò rí. Ẹni tó ń ṣeré ìdárayá, kó wọ̀ ọ́ fún ọdún kan lẹ́yìn ìgbà tó rọ́ kẹ́yìn. Nínú ilé, ẹ bọ́ ọ. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ bọ́ ọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánrawò tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ bọ́ ọ, nítorí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ kọ́.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbòji. Bí ibi tó ń lẹ̀ mọ́ra kò bá lẹ̀ mọ́, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ máa fi jí ọdẹ

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n mú eléré ìdárayá 522 tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ́. Wọ́n fún apá kan ní ìdánrawò ìdúró tí wọ́n á máa ṣe nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí kò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, fún ọ̀sẹ̀ 8. Láàárín ọdún kan, ẹsẹ̀ tún rọ́ lára ìdá 33 nínú 100 àwọn tí kò ṣe é, ṣùgbọ́n ìdá 22 péré ni lára àwọn tó ṣe é. 2009 ni ìwádìí náà jáde. Wọn kò lo ẹ̀rọ olówó ńlá, ilé kálukú ni wọ́n ti ṣe é. Ìwádìí mìíràn láti orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ní 2014, fi hàn pé bíréèsì tí a wọ̀ nígbà eré fún odindi ọdún tiẹ̀ ju ìdánrawò nìkan lọ ní dídènà kí ẹsẹ̀ tún rọ́. Èmi ń lo méjèèjì, torí mo fẹ́ kí fẹ́ǹsì wà, kí ọdẹ náà sì jí.

*Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2.* Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, orúnkún rọ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ògiri wà nítòsí. Ìgbà tí ẹ bá ń fọ eyín láàárọ̀ dáa fún un. Ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá gba tíúbù táyà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ fi kọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ fà á síta. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ojúgun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ máa gbọ́ ọ tó ń gbóná.

*Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4.* Ìdúró kan náà, ṣùgbọ́n ẹ dijú. Tàbí kí ẹ lajú, kí ẹnìkan máa ju ọsàn sí yín, kí ẹ máa hán an. Tàbí kí ẹ dúró lórí ìrọ̀rí tí a ká. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ fi ìnira kan kún un, ẹ má dì wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ọdẹ ti ń lajú nìyẹn.

*Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6.* Ẹ padà sí ìlà ṣọ́ọ̀kì yín, ẹ máa na ẹsẹ̀ jáde lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ wá ta súwẹ̀. Mò ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Eré tí a ta lójúde nígbà èwe, tí a fi ẹsẹ̀ kan fò láti ilé dé ilé, tí a sì gbọ́dọ̀ balẹ̀ láìtẹ ìlà, kò sí ìdánrawò fífò tó dáa tó o. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kún un: tí ẹ bá balẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ka mẹ́ta, kí ẹ tó fò lọ síwájú. Bíbalẹ̀ ni ẹsẹ̀ fi ń rọ́, bíbalẹ̀ náà ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

*Ọ̀sẹ̀ 7 àti 8.* Ẹ sáré yí àwọn ike tí ẹ tò sílẹ̀, ẹ dúró lójijì, ẹ yí padà, ẹ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù lè wọ̀ ọ́ báyìí. Tí ẹ bá padà sí pápá gan-an, ẹ wọ bíréèsì.

Bí ìrora bá mú yín nígbà tí ẹ ń ṣe é, tàbí tí ẹsẹ̀ bá wú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nípa bàtà Ojúde Ọba

Àǹtí mi kan wà nínú rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń yẹ̀ bíi tèmi. Mo sọ̀rọ̀ bàtà gíga fún wọn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀: "Ṣé sálúbàtà ni kí n wá fi tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ mi?" Mo gbọ́ wọn yé. Aṣọ ti bá ara wọn mu, gèlè ti bá ara wọn mu, bàtà kò lè yà sọ́tọ̀. Àmọ́ bíréèsì kò lè ṣiṣẹ́ nínú bàtà gíga. Gìgísẹ̀ tó ga ti fi ẹsẹ̀ sí ipò tó rọrùn jù fún un láti yí, kó tó di pé a tẹ ohunkóhun. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí nìyí: bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kò ga púpọ̀, tó ní ọ̀já lẹ́yìn, bàtà pẹlẹbẹ nínú báàgì fún ìrìn láti ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, títí ó fi máa kan ẹgbẹ́ wọn láti jáde, ìdánrawò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú Iléyá, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ kan níwájú sítóòfù wọn lójoojúmọ́, ọwọ́ kan lórí kábíìnẹ́ẹ̀tì, bí ìkọ́kọrẹ́ ṣe ń hó lọ́wọ́.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà tàbí fisió

Bí ẹ bá ti ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tọkàntọkàn, tí ẹsẹ̀ ṣì ń yẹ̀, tàbí tó ń há, tàbí tí ìrora jíjinlẹ̀ kan kò kúrò nínú oríkèé, ẹ má ṣe dúró sílé. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù, ẹ béèrè ibi tí àwọn fisió wà. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń tún okùn tó ya rán, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, l'Ékòó, ni ọ̀pọ̀ lára wa máa ń lọ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kó dé ibẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àti téèpù yín jáde, ẹ wọn ọ́n bí ẹ ṣe wọn ọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí tiẹ̀ jẹ́ 7 yẹn, 3 ló kù. Ó fúnra rẹ̀ wọn ọ́n, kò sì ní kí n tún un wọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló kù kó máa ṣe é, láàárọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.